Ẹ Má Jẹ́ Kí Ohun Tí A Kọ Sára Háàdì Tàn Yín Jẹ

Láti ìgbà tí ilé-ìwé ti gba ìsinmi ni àwọn òbí kan ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: ẹ̀rọ géèmù PlayStation 4 àwọn ọmọ wọn ti kún dẹ́nu, wọ́n sì fẹ́ ra háàdì tí a ń so mọ́ ọn láti ìta. Èwo ni kí àwọn rà tí owó àwọn kò fi ní wọgbó?

Ìbéèrè rere ni, nítorí pé kì í ṣe owó háàdì nìkan ni a lè pàdánù. Géèmù ńlá kì í gba àyè kékeré. Red Dead Redemption 2 tí ó jáde ní ọdún 2018, díìsìkì 2 ni wọ́n fi kó o fún ẹ̀rọ yìí. Ẹni tí ó bá fi dátà gba irú géèmù bẹ́ẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ iye tí ó ná. Ọ̀dọ́ tí ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí àwọn ọmọ ń sanwó fún láti wá gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀rọ, bí háàdì rẹ̀ bá kú, ọjà rẹ̀ dúró lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń béèrè. Ọdún 2013 ni PS4 jáde, 500 GB sì ni àyè inú ti àkọ́kọ́. Kò gbà nígbà náà kí a fi géèmù sí háàdì ìta. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni ilé-iṣẹ́ Sony tún ètò inú rẹ̀ ṣe, èyí tí wọ́n pè ní 4.50, kí ó tó gbà. Ẹ rí i dájú nígbà náà pé ẹ̀rọ yín kò sí lórí ètò tí ó ṣáájú ìyẹn. Háàdì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ USB 3.0 tàbí èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dín ní 250 GB, kò sì gbọ́dọ̀ ju 8 TB. Ara ẹ̀rọ gan-an ni kí ẹ ti so ó, kì í ṣe ara ohun tí a fi ń pín ojú USB kan sí mẹ́rin.

Wàyí o, irọ́ pọ̀ lọ́jà. Ẹ ó rí ohun pẹlẹbẹ kan tí a kọ 16 TB sí lára, tí owó rẹ̀ kò sì tó ti 1 TB gidi. Ẹ sá fún un! PS4 kò tilẹ̀ gba ohun tí ó tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá tú irú rẹ̀, káàdì kékeré bíi ti fóònù ni a sábà máa ń bá nínú rẹ̀, tí a ti kọ́ ní irọ́ pípa. Yóò máa sọ fún ẹ̀rọ pé àyè ṣì pọ̀ nínú òun. Bí ó bá kún tán, yóò máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, tàbí kí ó sọ ọ́ nù. Ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ ṣí géèmù ni àṣírí yóò tú.

Ọgbọ́n tí a lè fi mú irú òpùrọ́ bẹ́ẹ̀ wà. Kí ẹ tó so háàdì mọ́ PS4, ẹ fi í sára kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi ètò ọ̀fẹ́ tí ń jẹ́ H2testw dán an wò. Yóò kún inú rẹ̀ dé ẹnu, yóò sì tún kà á padà bóyá ohun tí a kó sí i pé. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù, nígbà tí ẹni tí ó tà á ṣì lè gbà á padà. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fi CrystalDiskInfo wo iye wákàtí tí ó ti ṣiṣẹ́ àti bóyá ibi kan ti ń bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni iná. Háàdì kékeré tí a lè kó sápò ń gba iná láti ara ẹ̀rọ gba inú wáyà rẹ̀. Èyí ńlá ní púlọ́ọ̀gì tirẹ̀. Bí wáyà bá gùn jù tàbí tí kò dára, háàdì kò ní rí iná tó, yóò máa já, yóò máa padà: adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Wáyà tí ó bá a wá ni kí ẹ lò. Níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ so ẹ̀rọ mọ́ ínfátà, kí iná má baà já nígbà tí háàdì ń kọ nǹkan sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ńlá, kí òun náà wà lórí ínfátà ọ̀hún.

SSD kò ní àwo tí ń yí nínú, nítorí náà kò tètè bàjẹ́ bí ọmọ bá jù ú sílẹ̀, géèmù sì ń tètè ṣí lórí rẹ̀. Owó rẹ̀ ni ó wọ́n jù. Ẹ má ra èyí tí ó yá jù lọ, nítorí ojú USB ti PS4 kò lè gbé gbogbo eré rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ ohun tí háàdì kò ń ṣe. Bí PS4 bá ti gbà á, yóò nu gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nù, nítorí náà ẹ kó fọ́tò ìgbéyàwó yín kúrò níbẹ̀. Ibi tí ọmọ bá eré dé, inú ẹ̀rọ ni ó wà, kò sí lórí háàdì. Ẹ fi fíláàṣì mìíràn ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Géèmù tí ẹ rà lórí díìsìkì, díìsìkì náà ni ẹ ó máa fi sí i. Ẹ má sì fa háàdì yọ láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ pa á ní ètò inú ẹ̀rọ.

Ní tèmi, háàdì kékeré gidi, 1 TB tàbí 2 TB, tó ìdílé. Bí ẹ bá sì ra PS5 lọ́la, yóò gba háàdì náà, ẹ ó sì lè máa fi géèmù PS4 inú rẹ̀ ṣeré. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, kí ẹ sì dán an wò kí ọjọ́ tó pẹ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.