BÚRẸ́DÌ TÍ KÒ FẸ́ YÍÌSÌ

Ọ̀wọ́n búrẹ́dì ti sọ ọ̀pọ̀ òbí di oníṣirò. Ẹni tó ń ti Ayépé lọ síṣẹ́ n'Íjẹ̀bú-Òde, tó lọ́mọ mẹ́ta nílé, mọ̀ pé búrẹ́dì àárọ̀ kì í dọ́sàn-án. Àmọ́ láti bí ọdún 1840 làwọn ará Ireland ti ń fi sódà ṣe tiwọn, láìlo yíìsì.

Kì í ṣe sódà ọṣẹ o! Ìyẹn ń bó ọ̀fun, ó sì lè pààyàn. Bákìn sódà inú páálí, èyí tí wọ́n kọ bicarbonate sí lára, ni.

Kí ìyá ilé da fúláwà 225 gíráàmù pọ̀ mọ́ wíìtì tí wọ́n fi ń ro òkèlè, 225 gíráàmù. Sódà ṣíbí kékeré kan, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan. Kó po mílíìkì tó 400 mílílítà, kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ńlá méjì sí i, kó fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó kan. Ta ló mu gàrí Ìjẹ̀bú dàgbà tó ń bẹ̀rù kíkan? Kíkan yẹn ló ń bá sódà jà, tí búrẹ́dì fi ń wú. Nítorí náà, kó má pò ó pẹ́ rárá; kó fọ̀bẹ ya àgbélébùú sí i lórí, kó sáré gbé e sínú ẹ̀rọ ìyan búrẹ́dì, tàbí ìkòkò oníyanrìn tó ti gbóná dáadáa.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45, kó gbá ìdí rẹ̀. Bó bá dún bí ìlù, ó jiná nìyẹn.

Kò ní í rọ̀ bíi ti Agége, ó sì tètè ń le. Ṣùgbọ́n nílé ọlọ́mọ mẹ́ta, kí ló máa kù dọ̀la?