Ẹ Má Jẹ́ Kó Jẹ́ Òkú Nìkan Ni Yóò Máa Gbé Ìyá Wa Jáde

Ọ̀rọ̀ ìlera wa ti ọ̀sẹ̀ yìí kò dá lórí ewé tàbí egbò. Ìrìn àjò ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìgbà wo ni màmá inú ilé yín jáde kẹ́yìn, tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tí kì í ṣe ọsibítù, tí kì í sì í ṣe ibi òkú? Nígbà tí mo bi ara mi ní ìbéèrè yìí, ojú tì mí. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, iwájú ilé ni màmá mi ń jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́, tó ń wo tírélà tó ń lọ sí wọ́ọ̀fù. Eruku àti èéfín ọkọ̀ ló ń fà símú. Oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Èmi rò pé bí mo bá ti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, mo ti ṣe tèmi nìyẹn.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ṣàdédé sọ pé, "Ó wù mí kí n tún fojú kan Abẹ́òkúta, kó má jẹ́ pé òkú ni yóò tún gbé mi débẹ̀." Mi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. A dìde lójú ẹsẹ̀, a gba Ìjọra jáde, ó di Alágoméjì ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, níbi tí a ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Ojú irin tuntun yìí, kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn, ni Ààrẹ Buhari ṣí lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021. Kò tó wákàtí méjì tí a fi dé Abẹ́òkúta.

Nígbà tí a dé Pápáláńtò, tí màmá gbọ́ pé orúkọ Funmilayo Ransome-Kuti ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ náà, ẹnu rẹ̀ là. Ó sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un nípa bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe kọ owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lọ́dún 1949. Ọ̀rọ̀ tó sọ nínú ọkọ̀ yẹn pọ̀ ju èyí tó ti bá mi sọ láti oṣù mẹ́ta lọ. A kò gun Olúmọ. Ìsàlẹ̀ la jókòó sí, níbi òjìji àpáta tó dáàbò bo àwọn Ẹ̀gbá nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn débẹ̀ lọ́dún 1830. Ní Ìtòkú, òun fúnra rẹ̀ ló ná àdìrẹ. Láfún tó jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó jẹ ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀bi mi. Nínú ìkánjú, orí tábìlì ni mo gbàgbé oògùn rẹ̀ sí. Màmá náà kọ̀, kò mu omi, ó ní òun kò fẹ́ máa wá ibi tí òun yóò tọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí a fi máa padà délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú. Ọlọ́run ló yọ wá. Ìrìn àjò lè jẹ́ òjijì, ètò ìlera kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òjijì.

Síbẹ̀, mi ò kábàámọ̀. Ní Abẹ́òkúta kan náà, ní Aró, ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 1954. Àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Wọ́n ń lo oògùn o, ṣùgbọ́n dókítà náà mọ̀ pé èèyàn ni aṣọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbé ìgbìmọ̀ dìde lọ́dún 2023 lórí ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà, nítorí ó máa ń dá kún àrùn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Ẹgbẹ́ wa ń dá owó aṣọ ẹbí, a ń dá owó ìnáwó òkú. Ta ló ń dá owó kí àgbà fi rí ojú ọ̀run nígbà tó ṣì wà láàyè? Ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àjọ wa, kí a máa mú àwọn ìyá wa jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kò sówó, òótọ́ ni, ìlú le. Bí ti Abẹ́òkúta kò bá ṣeé ṣe, ẹ mú wọn lọ kí ọ̀rẹ́ wọn ní àdúgbò kejì. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń sọ pé ọmọdé ló ń gbafẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìyẹn ti ara yín mọ́lé.

Kí ẹ tó gbéra:

1. Ẹ kó oògùn sínú báàgì. Bí ẹ bá gbàgbé lò ó, ẹ má lo ìlọ́po méjì láti fi dí i.
2. Ẹ mu omi. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ fi ebi rìn.
3. Ẹ máa na ẹsẹ̀, ẹ máa dìde rìn díẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá ní kò séwu. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì ń dunni, ọsibítù kíákíá.
4. Ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí èémí kì í dé kó má gun àpáta. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá láìpẹ́ kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó lọ.
5. Ẹ béèrè àkókò tí ọkọ̀ ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, kí ilẹ̀ má ṣú mọ́ yín lọ́nà.

Ìrìn àjò yẹn kò wo ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi sàn. Oògùn rẹ̀ ṣì ń lọ déédéé. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sọ́ńdè, kó tó kí mi pàápàá, ó bi mí pé, "Ìgbà wo la tún ń lọ?"

Ìlera lọrọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, pàápàá sí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń dá jókòó síwájú ilé.