Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilé sì ni

Ẹni tó bá ti wọ dánfó gba Adékúnlé gun afárá Third Mainland mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Bí ọkọ̀ bá ti dé ọ̀kánkán Mákòko, tí àwọn ilé pákó yọ lórí omi pẹ̀lú èéfín ẹja yíyan, ẹnìkan kò ní ṣàì pòṣé: "Èèyàn ń gbé ibí yìí?" Àwa náà ti pòṣé rí. Ọdún kìíní la wà nígbà náà, ẹ foríjì wá.

Ẹ wá wo Lẹ́kí. Wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún, wọ́n á tún wá lọ ra pákó olówó gọbọi tí wọ́n máa fi bo ògiri pálọ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní ó ń tuni lójú, pé kì í jẹ́ kí ohùn máa ró kiri inú ilé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tó ń ṣe wá ní kàyéfì ni pé pákó yìí kan náà, tó jẹ́ fàájì ní Lẹ́kí, ló di ẹ̀rí ìṣẹ́ ní Mákòko.

Àwọn Ẹ̀gùn apẹja tó tẹ ibẹ̀ dó kò ṣàdédé yan pákó. Ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ọ̀sà. Ilé tó dúró lórí òpó igi tí wọ́n gbá wọnú ẹrẹ̀ kò lè gbé ògiri búlọ́ọ̀kù, yóò máa rì ni. Pákó fúyẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó bá ti sun yàrá búlọ́ọ̀kù ní Akọkà lóṣù kẹta, tí NEPA mú iná lọ, mọ̀ pé ooru tí ògiri gbà sára lọ́sàn-án ló máa ń tú sílẹ̀ lóru. Pákó kì í pa ooru mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn á wọ̀, atẹ́gùn ọ̀sà á fẹ́, ara ògiri á tutù. (Páànù orí ilé ní tirẹ̀ kò ṣàánú ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án. A kò ní purọ́.)

Èyí tó wù wá jù ni àtúnṣe. Bí pákó kan bá jẹrà, òun nìkan ni wọn yóò yọ. Òòlù, ìṣó àti aládùúgbò kan ti tó. Sámílì Oko Bàbá tó wà ní Èbúté Mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kò sì jìnnà. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n fi ń gba ojú ọ̀sà wọ́ gẹdú wá síbẹ̀ nígbà náà láti apá Oǹdó àti Ògùn. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé pákó dé ẹnu ọ̀nà onílé, kò sí pé à ń wá tírélà.

Ṣùgbọ́n pákó ní àléébù. Iná fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá níbi tí ilé ti fara kanra tí wọ́n sì ń yan ẹja. Omi ń jẹ ìdí òpó. Ẹ̀fọn ń gba àlàfo rẹ̀ wọlé. Gbogbo èyí ló ní oògùn: pákó tó nípọn, tó gbẹ dáadáa, Solignum tí wọ́n kùn sí i, àlàfo díẹ̀ láàárín ilé sí ilé, ibi ìyanja tó yàtọ̀ sí ibi tí ọmọdé ń sùn.

Owó ni gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù Keje 2012, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn ará etí omi Mákòko ní wákàtí 72 kí wọ́n kó jáde, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé. Ìbọn ọlọ́pàá pa olóyè àdúgbò kan níbẹ̀. Ta ló máa gbọ́ irú èyí tí yóò ra pákó ọ̀gànwó? Pákó tí kò ní dùn ún bí wọ́n bá wó o ni yóò rà. Nígbà tó bá wá di jákujàku, a ó na ìka sí i pé ẹ wo ilé wọn.

Àwọn kan yóò rán wa létí ilé-ẹ̀kọ́ orí omi tí Kúnlé Adéyẹ̀mí yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n fi igi kọ́ sórí àgbá ike 256, tó parí ní 2013. Òjò ńlá wó o ní oṣù Kẹfà 2016. A dúpẹ́ pé kò pa ẹnikẹ́ni. Ó dùn wá. Lójú tiwa, kò sọ pé kí á sá fún igi. Ó sọ pé ilé orí omi ń fẹ́ ẹni tí yóò máa wò ó lójoojúmọ́, tí yóò máa pààrọ̀ èyí tó bá ti rẹ̀. Àwọn ará Mákòko ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ilé tiwọn láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, ẹ má wulẹ̀ lọ ya fọ́tò níbẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá. Ẹ bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀ jókòó, kí ẹ bi wọ́n ọdún mélòó ni òpó kan ń lò nínú omi kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde, tí ẹ wà ní ọ́fíìsì ìjọba, ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ yín kò ju ìwé lọ: èyí tí yóò sọ fún onílé kan ní Mákòko iye ọdún tí ẹnikẹ́ni kò fi ní fọwọ́ kan ilé rẹ̀. Bó bá ti gba ìwé yẹn, ẹ fi ọ̀rọ̀ pákó sílẹ̀ fún un.