Afẹ́fẹ́ ni mítà yín yóò máa kà

Lọ́dọọdún, tí àkókò iṣẹ́ àṣekágbá bá ti tó, ó kéré tán ẹnì kan ní ẹ̀ka ẹ̀rọ iná tàbí ti kọ̀ǹpútà yóò ṣe smart meter fún omi. Arduino kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka bí omi ṣe ń ṣàn, ojú síìmù, fáàfù tó ń fi iná tì, app kan lórí fóònù. Wọ́n á da omi láti korobá kan sí èkejì lórí tábìlì, nọ́ńbà á máa gòkè lórí fóònù, àwọn olùkọ́ á mi orí, ó di A. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí A. Orí kìíní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá jà, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ọ́ pé ohun tó ń da omi láàmú ní ìlú wa ni pé àwọn ará ilé ń fi í ṣòfò, pé bí a bá fi mítà sí ẹnu ilé kọ̀ọ̀kan, tí a gba owó sílẹ̀ kí omi tó yọ, tí a sì lè ti omi pa láti ọ́fíìsì láìrán òṣìṣẹ́ jáde, nǹkan á dára. Irọ́ ni.

Èwo ni omi tí a ń fi ṣòfò? Ẹ̀rọ omi ìjọba tó wà níwájú ọ̀pọ̀ ilé bàbá àgbà wa ti gbẹ kí a tó dáyé. Ẹni tó lówó gbẹ́ bọ́hòòlù, ẹni tí kò ní tó bẹ́ẹ̀ gbẹ́ kànga, ẹni tí kò ní rárá ń dúró de mẹ́ruwà. Ẹni tó ru kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì gun òkè àjà kẹta ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kò nílò app tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ omi lò. Omi tó fi fọ aṣọ náà ló máa dà sí ṣáláńgá. Ẹ má sì gbàgbé pé àsansílẹ̀ ni omi mẹ́ruwà látijọ́. Tálákà ìlú wa ti ń sanwó omi kí omi tó dé ọwọ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó yẹ kí ojú ti àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Mítà omi tó wọ́pọ̀ ní abẹ̀bẹ̀ kékeré nínú tí ohun tó ń kọjá ń yí. Bí ìjọba bá ń tú omi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, páìpù á ṣófo láàárín, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀. Nígbà tí omi bá padà, yóò ti afẹ́fẹ́ yẹn síwájú. Ẹni tó bá ti ṣí ẹ̀rọ lásìkò náà mọ ariwo rẹ̀: fúù, fúù, ó tún dákẹ́, kí omi pupa tó bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́ jáde. Abẹ̀bẹ̀ inú mítà kò mọ afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí omi. Yóò máa yí, yóò máa kà, app á sì máa yọ owó. Èyí tó ń fi ìró wọn omi kò ní abẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ kí páìpù kún kó tó lè sọ òótọ́. Iyanrìn tó ń bá omi wá sì ń jẹ abẹ̀bẹ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè fi LoRa gbé nọ́ńbà náà lọ sí ibi tó jìn, kí bátìrì rẹ̀ sì lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Nọ́ńbà tí kì í ṣe òótọ́ ni ẹ gbé lọ. (Ẹni tó bá sì fi mítà rẹ̀ sínú kòtò tó fi irin bò, kí ó kọ́kọ́ lọ wo bóyá rédíò rẹ̀ gba ibẹ̀ jáde.)

Kí n má ṣàbòsí: ẹ̀rọ yìí wúlò níbi tí omi wà. Ní London, smart meter ń ka omi ní wákàtí-wákàtí. Bí ilé kan bá ń fa omi láàárín agogo méjì sí mẹ́rin òru tí gbogbo èèyàn ń sùn, tí kò sì dáwọ́ dúró, omi ń jò níbì kan, wọ́n á sì kìlọ̀ fún onílé. Ṣùgbọ́n omi kì í kúrò nínú páìpù London.

Ẹ wá wo ìlú tó jọ tiwa. Ní Phnom Penh, olú-ìlú Cambodia, lẹ́yìn ogun, lọ́dún 1993 tí Ek Sonn Chan gba àbójútó ilé-iṣẹ́ omi ibẹ̀, nǹkan bí ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún omi tí wọ́n ń ṣe ló ń ṣòfò: èyí tó ń jò, èyí tí wọ́n ń jí, èyí tí wọn kò gba owó rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2010, ó ti wá sí ìdá mẹ́fà, omi sì ń yọ tọ̀sán-tòru. Wọ́n hú páìpù àtijọ́, wọ́n tún ìwé orúkọ àwọn oníbàárà kọ, wọ́n lé òṣìṣẹ́ tó ń tà omi lẹ́yìn, wọ́n san owó gidi fún àwọn tó kù, wọ́n sì dín owó fífa omi wọlé kù fún àwọn tálákà. Wọ́n fi mítà sí gbogbo ilé, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mítà lásán ni, kì í ṣe ti rédíò. Ìtàn kan tó gbajúmọ̀ nípa ọkùnrin náà ni pé ọ̀gágun kan yọ ìbọn sí i nígbà tó lọ fi mítà sí ilé rẹ̀. Àwọn alágbára ni ó kọ́kọ́ bá jà. Tiwa ni ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà.

Ibi tí bíbẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà ń já sí, àwọn ará Phiri ní Soweto lè sọ ọ́. Johannesburg fi mítà alásansílẹ̀ sí ilé wọn nínú ètò tí wọ́n pè ní Operation Gcin'amanzi. Ilé kọ̀ọ̀kan ní lítà 6,000 lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù. Tó bá tán, tí owó kò sì sí, mítà á ti ara rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: lítà 200 lójúmọ́. Èèyàn mẹ́jọ, ó kan oníkálùkù ní lítà 25. Ṣùgbọ́n ilé tó ní àwọn ayálégbé ní ẹ̀yìnkùlé, gẹ́gẹ́ bí ilé face-me-I-face-you tiwa, lè ní èèyàn mẹ́rìndínlógún. Ó ti di lítà méjìlá àbọ̀. Lọ́dún 2005, iná jó ahéré kan ní Phiri, omi mítà tán lẹ́nu pípa iná náà, ọmọ méjì sì kú. Àwọn ará àdúgbò, tí Lindiwe Mazibuko ṣíwájú wọn, gbé ìlú lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ Tsoka dá wọn láre lọ́dún 2008, ó ní lítà 50 fún ẹnì kan lójúmọ́. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ọ́ di 42. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, ilé ẹjọ́ tó ga jù yí gbogbo rẹ̀ padà, ó ní mítà náà bá òfin mu. Ó lè bá òfin mu. Mi ò fẹ́ kí ọmọ kíláàsì mi ni ó kọ kóòdù tí yóò ti fáàfù náà.

Àwọn kan á ní, ṣé àwa náà kọ́ ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún mítà iná kí a lè bọ́ lọ́wọ́ bíìlì àfojúdá? Òótọ́ ni, mo sì wà lára àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀. Mítà iná gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ. Ṣùgbọ́n kò mú iná wá. Ẹni tí iná rẹ̀ tán á tan tọ́ọ̀ṣì, á sùn. Ẹni tí omi mítà rẹ̀ tán á lọ sí odò tàbí kànga tó súnmọ́ ṣáláńgá, kọ́lẹ́rà sì wà níbẹ̀ tó ń dúró.

Àríyànjiyàn yìí kò sì jẹ́ tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ fa omi láti Ìjù wọ Èkó kí wọ́n sì máa gba owó orí omi, Dókítà Randle àti Dókítà Ọbasá dá People's Union sílẹ̀ lọ́dún 1908 láti takò ó. Àwọn ará Èkó ní àwọn ní kànga, pé nítorí àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe ń fa omi yẹn. Omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1910, ìjà owó rẹ̀ sì ń lọ títí di 1916. Ìbéèrè tí wọ́n bi ìjọba nígbà náà ni mo tún ń bi yín: ta ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀, ta ni yóò sì san?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń mú àkọlé iṣẹ́ wá lọ́dún yìí, ẹ yí mítà náà padà. Ẹ gbé e kúrò lẹ́nu ilé tálákà, kí ẹ gbé e sí ẹnu páìpù ńlá tó ń jáde láti ilé omi, àti sí orí ìlà tó wọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ iye tó wọ àdúgbò kúrò nínú iye tó jáde, ẹ ó mọ èyí tó sọnù lójú ọ̀nà. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ wọ ibẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí táǹkì họ́sítẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí omi ṣe ga nínú táǹkì kò wọ́n ju ti mítà lọ. Ẹ kọ wákàtí tí omi dé àti wákàtí tó lọ, lójoojúmọ́, fún sáà kan, kí ẹ sì gbé e síta níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, láìsí páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde tí ẹ sì wà ní iṣẹ́ omi ní ìpínlẹ̀ yòówù, a nílò ẹni kan tí yóò jẹ́ ká fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sórí páìpù kan ṣoṣo. A ó wá fúnra wa, a ó sì gbé bátìrì tiwa wá.