A Kì Í Ṣe Ìwọ̀fà Tàdáwà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ewì, kì í sì í ṣe àwàdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ nínú yín fi gbà á.

Nínú ìwé wa tó jáde kẹ́yìn, mo kọ ewì kan nípa bàbá mi. Ìlà kan níbẹ̀ ní bàbá mi gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó dorí kọ oko. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ọkọ́ sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Kí ló tún kù? Àṣé kátíríìjì tí a rà ní Agbowó, ayédèrú ni. Fírífírí ló tẹ ìwé náà, nígbà tí a sì gbé e lọ ṣe fọ́tókọ́pì, àmì ìsàlẹ̀ pòórá pátápátá. Àmì ohùn dúró sókè, àmì ìsàlẹ̀ wábi gbà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò lábẹ́ ọkọ́, kí ẹ wo ohun tí bàbá mi gbé kọ́ èjìká. Wọ́n ṣì ń fi kí mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì títí dòní.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí mo délé, tí bàbá mi ní kí n ka ewì òun fún òun. Ohun tí mo kọ ni mo kà, n kò ka ohun tí a tẹ̀. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ ní iléèwé, wọ́n ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀ kí àwọn lè fi han ọ̀rẹ́ àwọn. Mo purọ́ pé ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n wa akápò dìde, wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ojúlówó kátíríìjì nìkan ni kí ẹgbẹ́ máa rà. Wọ́n tún ní nítorí pé ojúlówó gbówó lórí, kí a dín ojú ìwé wa kù láti 24 sí 16. Ojú ìwé 8 tí wọ́n fẹ́ gé yẹn, ti àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa, kọ́bọ̀ ẹgbẹ́ kò sọnù sí wọn lọ́wọ́ rí. Ṣùgbọ́n n kò gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi pọ́ọ́kú, tí tàdáwà rẹ̀ sì wọ́n bí ojú? Ẹni tó bá ní prìntà kékeré nílé mọ̀ pé kí ó tó pààrọ̀ kátíríìjì ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, owó tàdáwà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé owó ẹ̀rọ bá. Kì í ṣe èèṣì o. Ọgbọ́n òwò ni. Ara ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n ti ń jèrè, ara tàdáwà ni. Kódà, kátíríìjì tó máa ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun wá nínú páálí, tàdáwà inú rẹ̀ kì í tó ti èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Kó tètè tán ni, kí o sì tètè padà wá.

Àwọn baba wa mọ irú àdéhùn báyìí. Ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ dúró. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé owó ni, kò kan ojú owó rárá. Bó ṣe é lọ́dún mẹ́wàá, gbèsè ṣì wà níbi tó wà. Ẹni tó ra ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n wá ní kátíríìjì ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa jẹ, ìwọ̀fà lòun náà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀gá rẹ̀ wálé.

Ẹ má ní àsọdùn ni mò ń sọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, àwọn ẹ̀rọ HP kan tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ṣàdédé kọ kátíríìjì tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe. Chip tó wà lára kátíríìjì ni ẹ̀rọ ń yẹ̀ wò, bí ẹni ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ní bọ́dà. Ariwo ta, HP sì gbé àtúnṣe jáde fún ẹni tó bá fẹ́ yọ ìdènà náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àjọ tó ń mójú tó ìdíje ọjà ní Ítálì bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 yúrò lé HP, lára ẹ̀sùn rẹ̀ sì ni pé kò là á yé oníbàárà tó pé ẹ̀rọ náà lè kọ kátíríìjì ẹlòmíràn. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, chip ṣọ̀wọ́n káàkiri ayé. Canon ní Jámánì ta toner tí kò ní chip fún àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì rẹ̀ kan, ó sì kọ́ àwọn oníbàárà bí wọn yóò ṣe fo ìkìlọ̀ tí ẹ̀rọ bá gbé jáde. Ẹ̀rọ ṣì ń tẹ̀wé lọ ní tirẹ̀. Ẹ gbà mí o!

Ní ti ẹni tó rò pé ìwà olè ni kéèyàn tún kátíríìjì kún, ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2017 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ láàárín Lexmark àti Impression Products, pé bí ilé-iṣẹ́ bá ti ta kátíríìjì rẹ̀, kò tún lè fi òfin patent lé ẹni tó rà á kiri. Ohun tí mo fowó rà, tèmi ni.

Ṣùgbọ́n n kò sí lẹ́yìn àwọn tó ń pariwo pé kí a ra èyíkéyìí tó bá ṣáà ti pọ́ọ́kú. Nǹkan méjì ni wọ́n dà pọ̀. Kátíríìjì tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí páálí, ọmọlúàbí ni. Bó bá bàjẹ́, a mọ ilé rẹ̀. Ayédèrú ni èyí tó jí orúkọ ojúlówó wọ̀. Òun la rà níjọsí. Kì í ṣe pé ó pọ́ọ́kú ló bà wá jẹ́, irọ́ tó pa ni.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Ká ní kátíríìjì kékeré kan jẹ́ ₦20,000, tó ń tẹ ojú ìwé 200: ₦100 ni ojú ìwé kan. Ká ní ńlá rẹ̀ jẹ́ ₦30,000, tó ń tẹ 500: ₦60 péré ni. Èyí tó wọ́n lójú ọlọ́jà ló pọ́ọ́kú lójú ìwé. Ká wá ní ayédèrú jẹ́ ₦6,000, tí ojú ìwé tó ṣeé kà nínú rẹ̀ kò ju 40: ₦150 ni yẹn. Ẹ wo ẹni tí a ní ó dín owó! Ẹ sì rántí pé ẹyọ kan la ń fi prìntà tẹ̀, fọ́tókọ́pì la fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, owó fọ́tókọ́pì sì wà lórí iye tí a ń ta ìwé. Ojú ìwé 8, ká tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí àtúnṣe, 16 ni. Ní ₦60, ₦960 ni. Ṣé nítorí ₦960 la ṣe fẹ́ pa àwọn àbúrò wa lẹ́nu mọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe nìyí. Kí a ra kátíríìjì dúdú ńlá tó jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ẹ̀rọ wa mu régí. Kí ẹnikẹ́ni má tíì fi abẹ́rẹ́ fa tàdáwà sí i, àfi tí a bá mọ ibi tí orí ìtẹ̀wé wà. Bó bá wà lára kátíríìjì, tó bá dí, kátíríìjì nìkan la pàdánù. Bó bá wà nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ lè bá a lọ. Kí a mú ojú ìwé kan tó kún fún ẹ, ọ àti ṣ dání lọ sọ́jà, ká tẹ̀ ẹ́, ká ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí a tó sanwó. Ọlọ́jà tí kò bá gbà, ká máa bá tiwa lọ jàre.

Nílé náà, kí a máa fi bọ́tìnnì pa ẹ̀rọ, kí a má kàn fà á yọ lára iná. Bọ́tìnnì yẹn ló ń jẹ́ kó rí ààyè bo orí ìtẹ̀wé. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tó ń tẹ̀wé lọ́wọ́, orí lè wà ní ṣíṣí, tàdáwà á gbẹ sí i, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ìfọ̀ tí ẹ̀rọ á wá máa fọ ara rẹ̀, tàdáwà náà ló ń mu.

Bí Ọlọ́run bá bù sí àpò wa, ká ra ẹ̀rọ onítáńkì, irú èyí tí Epson kọ́kọ́ gbé jáde ní Indonéṣíà lọ́dún 2010. Ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n inú ìgò la ti ń bu tàdáwà sí i, ìyẹn ò sì wọ́n. Ojú owó la san yẹn, kì í ṣe èlé.

Ẹ̀gbọ́n akápò, ẹ má bínú sí àbúrò yín. Ẹ jẹ́ kí ojú ìwé wa wà ní 24. Tí èyí tó ń bọ̀ bá jáde, mo fẹ́ tún ewì yẹn tẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí n mú un lọ sílé, kí n sì fi sílẹ̀ fún bàbá mi.