Ìròyìn Ilé, Ìròyìn Ọ̀nà: Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Gbọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kò jọ ọ̀rọ̀ èrè tàbí ẹ̀yáwó, ṣùgbọ́n ó lè gbé owó wa lọ, ó sì lè da ilé rú. Ọ̀rọ̀ WhatsApp àti Facebook ni, èyí tí a fi ń ròyìn ilé àti ọ̀nà fún ará àti ọ̀rẹ́ tó wà lọ́nà jíjìn.

Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ní kí a pa á tì pátápátá, pé iṣẹ́ gbájúẹ̀ ni. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ láàárín wa á rántí ìgbà tí a ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó lè tó oṣù kan kí èsì tó dé. Àwọn ìyá tí kò mọ̀ ọ́n kọ á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọn á fi rán ẹni tó ń lọ. Kí GSM tó dé ní ọdún 2001, ẹni mélòó ló ní tẹlifóònù nílé? Lónìí, ìyá àgbà ń wo ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Houston, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Aláàdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, á ya fọ́tò ọjà rẹ̀, oníbàárà tó wà ní ìdálẹ̀ á rí i, á sanwó. Kí a wá sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù? Ó tì o.

Ohun tí àwa ń sọ ni pé gbogbo ìròyìn ló ní ẹni tó ni ín, ó sì ní àsìkò tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìròyìn ikú. Nílẹ̀ Yorùbá, a kì í ṣàdédé túfọ̀. Ẹbí á kọ́kọ́ pàdé, wọn á yan ẹni tí yóò lọ bá àwọn ọmọ, wọn á ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tó sọ ọ́. Kì í ṣe àṣà lásán, àánú ni. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, òkú ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tí aládùúgbò á ti gbé fọ́tò rẹ̀ sórí status: "Sùn un re o, Màmá." Ẹ rántí pé nígbà tí agogo mẹ́fà àárọ̀ bá lù níhìn-ín, mọ́kànlá tàbí méjìlá òru ni ní Houston. Ọmọ olóògbé á ti ibi iṣẹ́ dé, òun nìkan ní yàrá, á ṣí fóònù, á bá ikú ìyá rẹ̀ pàdé níbẹ̀. Ta ni yóò dì í mú? Ó ti ṣẹlẹ̀ nílé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò ro ibi, ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Àmọ́ ọgbẹ́ tó dá sílẹ̀ kò tíì jinná.

Bákan náà ni ti ọmọ tuntun. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń kó ọmọ jáde. Kí ló dé tí fọ́tò ọmọ ọjọ́ kan fi ní láti dé ojú gbogbo ayé kí bàbá àgbà rẹ̀ tó gbọ́?

Ẹ wá wo ìrìn-àjò, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan àpò wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ ra aṣọ ní Kantin Kwari ní Kánò, àwọn mìíràn ń lọ sí Aba, àwọn mìíràn ń lọ títí dé Lomé. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ pé "Kánò la wà o, ó di ọ̀la ká tó máa bọ̀" ti sọ nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan: pé owó ọjà wà lọ́wọ́ òun, pé òun máa wà lójú ọ̀nà lọ́la, pé òun ò sí nílé. Lóòótọ́, status á pa rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24. Olè ò nílò tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn gbájúẹ̀ náà ń fi í ṣiṣẹ́. Wọ́n á pe ọmọ ẹgbẹ́ kan pé àwọn fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí ìpàdé, kó ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún àwọn. Kọ́kọ́rọ́ WhatsApp rẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn. Bó bá ti kà á tán, WhatsApp rẹ̀ ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Wọn á wá kọ̀wé sí gbogbo wa: "Mo ṣì wà ní Kánò, owó mi ò tó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ₦50,000 ránṣẹ́, n ó dá a padà lọ́la." Nítorí pé a ti rí fọ́tò Kánò láàárọ̀, a ó gbà á gbọ́. Òótọ́ tí a fẹnu ara wa sọ ni wọ́n fi gbé irọ́ wọn ró.

Nítorí náà, a gbé àbá yìí síwájú yín kí ìpàdé gbogbogbòò tó dé:

1. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ìròyìn ikú sórí WhatsApp ẹgbẹ́, àfi bí ẹbí bá ti ránṣẹ́ sí akọ̀wé.

2. Kí a délé tán kí a tó fi fọ́tò ìrìn-àjò hàn. Ará ilé ló yẹ kó mọ ibi tí a dé, ká fi fóònù pè wọ́n.

3. Kí a má ka nọ́ńbà mẹ́fà yẹn fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe akọ̀wé. Kí a sì má fi owó ránṣẹ́ nítorí ohun tí a kà. Ká pe ẹni náà, ká bi í ní ohun tí òun nìkan mọ̀, torí ẹ̀rọ ti lè sín ohùn èèyàn jẹ báyìí.

4. Lọ́jọ́ tí a bá ń pín èrè tàbí san ẹ̀yáwó, kò sí fọ́tò owó.

Àwọn kan á ní, "Fóònù mi ni, dátà mi ni, kí ló kan ẹgbẹ́?" Ó kan ẹgbẹ́, torí a ń ṣe onídùúró fún ara wa. Bí olè bá kó ẹnì kan nífà, tí kò rí ẹ̀yáwó san mọ́, ọrùn àwọn onídùúró rẹ̀ ni gbèsè ń wọ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tí àbá yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá sí ìpàdé, kó wá sọ tirẹ̀. Etí wa ṣí sílẹ̀. Àjẹṣẹ́kù wa kò ní run o.