Kókó Tí Wọ́n Ti Gé, Tí Kò Tíì Lórúkọ

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kókó tó ń yọ níbi tí itọ́ ti ń sun ṣe rí lójú àwa tí à ń yẹ̀ wọ́n wò. Irú tó jẹ́ jẹjẹrẹ nínú wọn nìkan lé ní 20, ọ̀pọ̀ ló sì jọra débi pé máíkírósíkóòpù nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: owó àyẹ̀wò tí a fi ń dá wọn mọ̀ kò yẹ kó jẹ́ ohun tí ẹbí aláìsàn yóò máa sá kiri wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Inú owó iṣẹ́ abẹ gan-an ló yẹ kó wà.

Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kókó itọ́ kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Tó bá wú lábẹ́ etí, wọn á ní ṣegede ni. Bí kò bá sì ti dùn wọ́n, agbo ni wọn yóò máa mu sí i. Òótọ́ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo kókó tó bá yọ ní àjà ẹnu. Jẹjẹrẹ méjì kan fẹ́ràn ibẹ̀: adenoid cystic carcinoma àti polymorphous adenocarcinoma. Lórí síláìdì, àwọn méjèèjì lè ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, àwọn méjèèjì sì máa ń rá mọ́ iṣan ìmọ̀lára. Ìwà wọn ni kò dọ́gba. Èyí èkejì ń rọra ṣe. Ọ̀pọ̀ tó ní in ló ń pẹ́ láyé lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tán. Èyí àkọ́kọ́ a máa tọ iṣan lọ jìnnà, ó sì lè dákẹ́ fún ọdún 10 kó tó yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń fi ìtọ́jú onítànṣán kún iṣẹ́ abẹ rẹ̀.

Antibody la fi ń yà wọ́n. A ó gé ẹran tí a ti rì sínú ìda ní pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ gan-an, a ó kán antibody tó ń wá purotéènì kan pàtó sí i. Níbi tó bá ti rí i, àwọ̀ búráùn á yọ. Níbi tí kò bá ti rí i, búlúù nìkan lẹ ó rí. Èyí tó ń jẹ́ p63 sábà máa ń yọ búráùn lára àwọn méjèèjì. Ti p40 kì í sábà yọ lára polymorphous. Kò sí ẹyọ kan tó lè dá ẹjọ́ náà parí, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo mélòó kan pọ̀.

Nígbà míì, oògùn tí aláìsàn yóò lò gan-an ló dúró lórí àyẹ̀wò yìí. Ní 2010, Alena Skálová àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Czech fi hàn pé àwọn kan lára kókó tí a ti ń pè ní acinic cell carcinoma, irú mìíràn ni wọ́n. Lónìí, secretory carcinoma ni à ń pè wọ́n. Wọ́n máa ń yọ búráùn fún S100 àti mammaglobin, nígbà tí acinic cell máa ń yọ fún DOG1. Ọ̀pọ̀ nínú secretory yìí ló ní àbùkù apilẹ̀ àbùdá NTRK, Amẹ́ríkà sì ti fọwọ́ sí larotrectinib, oògùn tó ń kojú àbùkù náà, láti 2018.

Ọmọkùnrin kan wá bá mi nítorí ìyá rẹ̀. Wọ́n ti ta ilẹ̀ san owó iṣẹ́ abẹ. Mo ní ó ku owó antibody mẹ́rin. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ò lè kọ èyí tójú yín ti rí báyìí fún wa?” Ohun tí mo kọ náà ni pé jẹjẹrẹ ni, irú rẹ̀ kò dájú. Kí ni dókítà tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ máa fi ìyẹn ṣe?

Àwọn kan á ní nǹkan olówó ni, pé ibà ló ń pa wá. Mo gbà pé ibà ń pa wá. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú onítànṣán tí kò yẹ kí èèyàn gbà, tàbí èyí tó yẹ kó gbà tí kò gbà, wọ́n ju antibody mẹ́rin lọ. Òkè òkun ni antibody ti ń wá, inú fíríìjì ló ń gbé, kókó itọ́ ò sì pọ̀ tó kí láàbù kọ̀ọ̀kan lò ó tán kó tó bàjẹ́. Ẹran inú ìda ní tirẹ̀ kò nílò yìnyín. Ọkọ̀ lásán lè gbé e láti Àkúrẹ́ tàbí Adó-Èkìtì. Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa para pọ̀, kí wọ́n ní láàbù kan tí gbogbo wọn ń lò. Òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kí ó san owó àyẹ̀wò yìí náà.

Ẹ̀yin tí wọ́n fẹ́ gé kókó fún, ẹ bi dókítà yín kó tó mú abẹ: ṣé inú fọ́málìn, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ni ẹran náà máa lọ, ta ni yóò sì san owó antibody? Bí kò bá rí èsì fún yín, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé.